Ẹni Tí Ó Rán Ajá Lọ Sínú Ewu

Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa, ọ̀kan wà tí kì í dùn mọ́ mi láti gbọ́. Òun ni èyí tí ó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi kò bá àwọn àgbà jà lórí ohun tí wọ́n fi òwe náà kọ́ wa, pé kí ọmọ máa gbọ́ ìkìlọ̀. Fún ọdún 35 tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi pàápàá fi ń pa á fún àwọn ọmọ tí etí wọn di. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tí wọ́n fi òwe yìí bo ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọdẹ ni ó ń sọ ìtàn náà. Ajá kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Ọdẹ àti ajá wọ igbó, ọdẹ nìkan ni ó padà dé. A bi í léèrè pé ajá ńkọ́, ó ní òun fọn fèrè, kò gbọ́. Ta ni ó bi í pé ìgbà mélòó ni ó fọn ọ́n? Ta ni ó bi í pé ǹjẹ́ ó padà lọ wá a ní ọjọ́ kejì?

Ọ̀rọ̀ àwọn ajá tí a ń rán lọ sínú ewu ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa yìí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, àti láti Ṣakí dé ẹnu ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní Dàhómì nígbà èwe mi. Bí ó bá di ìgbà òjò, koríko a ga ju ènìyàn lọ. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, iná a jó o, àpáta a sì yọ orí síta. Ní ìhà ìlà-oòrùn wa ni ọgbà ẹranko Old Oyo National Park wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú àti lóròó. Ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ wa, ibi tí ọdẹ bá sì wà, ajá wà níbẹ̀. Àtijọ́, ọ̀yà, ehoro àti ẹtu ni ajá ọdẹ ń lé. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà lójú wa. Àwọn ajínigbé wọ inú ọ̀dàn, oko di ibi ìbẹ̀rù, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 sì ni àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù gbé iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a gbà sí iṣẹ́ náà; àwọn mìíràn sì wà ní àdúgbò wọn tí wọ́n ń ṣọ́ ìlú láì gba owó oṣù. Ajá tí ó ń lé ọ̀yà lánàá ni wọ́n ń fà lọ lónìí láti tọ ipasẹ̀ ènìyàn tí ó gbé ìbọn.

Àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka ajá tiwọn, àjọ NDLEA sì ń lo ajá láti gbóòórùn oògùn olóró. Ajá ọlọ́pàá a máa ní olùtọ́jú, a máa ní ilé, orúkọ rẹ̀ a sì wà nínú ìwé. Ajá ọdẹ kò ní ju ṣaworo ọrùn rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n ní ọ̀nà kan: kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí a bi léèrè pé ṣé ìwọ yóò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó mọ̀ pé ìbọn wà níwájú. Ó rò ó, ó sì gbà. Ajá kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìbọn. Ó ń lọ nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ràn ní kí ó máa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ rẹ̀ sí wa ni okùn tí a fi ń fà á lọ sí ẹnu ikú, ǹjẹ́ gbèsè kan kò ha wà lọ́rùn ẹni tí ó di okùn náà mú?

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí mo ti jẹ gbèsè náà rí.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí oòrùn sì mú bí iná, àgbẹ̀ kan ní àdúgbò wa lọ sí oko, kò padà. Ní ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò wá bá mi. Èmi kì yóò dárúkọ ẹgbẹ́ wọn, nítorí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀bi tèmi náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa ní ajá yín, imú rẹ̀ dára.” Lóòótọ́ ni imú Tanímọ̀la dára. Ajá pupa rúsúrúsú ni, etí rẹ̀ kan ya níbi tí ọ̀yà ti gé e jẹ nígbà tí ó wà ní kékeré, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé tí ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú okùn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé apá ibo ni wọ́n ń lọ. N kò bi wọ́n pé ta ni yóò mú un lọ́wọ́. N kò bi wọ́n pé omi ńkọ́. Wọ́n gun alùpùpù, ajá sì ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n rí àgbẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tanímọ̀la ni ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí àpáta kan. Ibẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́lẹ̀ sí, àwọn tí ó dè é sì ti sá lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ajá. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sórí alùpùpù wá sílé. Ìlú yọ̀, ìlù dún, èmi náà yọ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo bi olórí wọn pé ajá mi dà. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, a fọn fèrè títí. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ òwe rẹ̀.”

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin tí ó lọ ṣẹ́ igi rí i. Ibẹ̀ kò jìnnà sí àpáta tí mo wí. Kò sí ojú ọta ìbọn lára rẹ̀, kò sí ojú àdá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bó, ahọ́n rẹ̀ sì yọ síta, ó gbẹ. Ooru àti òùngbẹ ni ó pa á. Àwọn tí ó bá a lọ gbé omi dání nínú ike. Wọ́n mu tiwọn. Ọmọ ọmọ mi, tí ó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà, wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní, “Bàbá àgbà, ta ni ó padà lọ wá a?” Mo ti dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ fún ọdún 35, n kò rí ìdáhùn sí èyí. Àwọn ọdẹ kò padà lọ. Èmi náà kò lọ. Mo jókòó sí ìloro mi fún ọjọ́ méjì, mo ń retí kí ajá fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ ooru yìí wò dáadáa, nítorí àìmọ̀ púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ènìyàn a máa làágùn ní gbogbo ara, òógùn náà sì ni ó ń mú ara rẹ̀ tutù. Ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ó ti ń làágùn, èyí kò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n síta ni ó fi ń lé ooru jáde. Bí afẹ́fẹ́ tí ó ń mí símú bá gbóná, tí omi kò sì sí lára rẹ̀, inú rẹ̀ yóò máa sè bí ìkòkò tí a dé lórí iná. Ènìyàn tí ooru bá mú yóò wá abẹ́ igi jókòó sí, yóò ní ó rẹ òun. Ajá tí ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kì í jókòó. Yóò máa sáré títí yóò fi ṣubú. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé agbára ajá kò lópin. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ajá ọlọ́pàá pọ̀ sí, tí ọ̀daràn sì ní ìbọn lọ́wọ́, ooru wà lára àwọn ohun tí ó ń pa àwọn ajá náà jù lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó kú sínú ọkọ̀ tí olùtọ́jú wọn tì mọ́ wọn, tí ó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ: ní òwúrọ̀ ni ọlọ́pàá náà fi ọwọ́ pa á lórí, ní ọ̀sán ni ó gbàgbé rẹ̀ sínú ìléru.

Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu iṣẹ́ ajá, kí á má ṣe kọ́kọ́ na ìka sí ajínigbé. Ajínigbé burú, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ewu tí ó sún mọ́ ajá jù ni ẹni tí ó rán an níṣẹ́ tí kò sì ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Ṣaworo ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ mìíràn. Ọdẹ a máa so ó mọ́ ajá lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ajá wà nínú koríko gíga. Ọgbọ́n dáradára ni, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀yà ni a ń lé, nítorí ọ̀yà kò ní ìbọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn tí ó sápamọ́ pẹ̀lú ìbọn ni a ń wá lóru, ṣaworo náà ń sọ fún un pé ibi báyìí ni kí o yìnbọn sí. Mo sọ èyí fún àwọn ọdẹ kan, wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tí ó rò ó rí nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ òpè. Wọ́n mọ igbó ju bí mo ti mọ ìwé lọ. Bí yóò ti rí fún ajá ni wọn kò fi ọkàn sí.

Òwe kejì tún wà tí a fi ń ṣe àwáwí. Wọ́n ní ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù yóò ṣe é. Èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé kò sí ìdí láti bọ́ ajá, kí ó máa wá tirẹ̀ kiri orí ààtàn. Àwọn ọdẹ mìíràn tilẹ̀ gbà pé ajá tí ebi ń pa ni ó ń ṣe ọdẹ dáadáa. Irọ́ ni. Ajá tí ebi ń pa yóò fi ipasẹ̀ ọ̀daràn sílẹ̀ nítorí egungun, kò sì ní lè rìn dé ọ̀nà jíjìn. Ajá tí ń jẹ lórí ààtàn sì ni ó máa ń pàdé ajá dìgbòlugi níbẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu pé ẹni tí kì í jẹ́ kí epo tán nínú alùpùpù rẹ̀ a máa ronú pé ajá lè fi ikùn òfìfo ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ajá, pé àwọn tí kò ní iṣẹ́ ni ó ń gbé ajá sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi kò gbé ajá sórí bẹ́ẹ̀dì rí, n kò sì ní gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ọdẹ àgbà kan wà ní agboolé wa tí kò mọ a, b, d. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún 1970, ó ti ìgbẹ́ dé láì gbé ẹran kankan. Ajá rẹ̀ ni ó gbé kọ́ èjìká. Ìmàdò ni ó fi eyín ya ajá náà ní ikùn. Bàbá náà kò lè gbé ajá àti ìbọn pọ̀, ó sì fi ìbọn kọ́ igi nínú ìgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìbọn jẹ́ fún ọdẹ, ẹ rò ó wò. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi kaná, ó da iyọ̀ sí i. Bàbá náà fi abẹ́rẹ́ àti òwú tí a fi ń hun aṣọ òfì rán ikùn ajá náà lábẹ́ fìtílà, àwa ọmọdé sì dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lọ gbé ìbọn rẹ̀. Ajá náà yè. Kò lè ṣe ọdẹ mọ́, ó ń tiro, ṣùgbọ́n títí ó fi kú ni ó ń gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹran tí àwọn ajá yòókù pa. Mo gbọ́ nígbà tí ẹnìkan bi bàbá náà pé kí ni ó ń fi ajá arọ ṣe. Ó ní, “Nígbà tí ó ń sáré fún mi, ṣé mo sọ fún un pé mo ń ka ọjọ́ ni?” Kò sí Òyìnbó kankan tí ó kọ́ bàbá yẹn.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti Òyìnbó ni, àwọn pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1957, ìjọba Soviet fi ajá kan tí ń jẹ́ Laika sínú ọkọ̀, wọ́n sì ta á sókè ré kọjá òfurufú. Kí ó tó gbéra ni wọ́n ti mọ̀ pé kò ní padà, nítorí wọn kò ṣe ọ̀nà àbọ̀ fún un. Ooru ni ó pa òun náà, láàrin wákàtí díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ayé kò gbọ́ títí di ọdún 2002. Oleg Gazenko, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó kọ́ ajá náà níṣẹ́, jáde ní gbangba ní ọdún 1998, ó ní ó ń dun òun, àti pé ohun tí àwọn rí kọ́ níbẹ̀ kò tó ẹ̀mí ajá tí ó lọ sí i. Nígbà ogun Vietnam, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ajá bí 4,000 lọ. Ajá ń gbóòórùn bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn bí ọ̀tá bá lúgọ. Nígbà tí ogun parí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kó padà sílé. Wọ́n ka àwọn yòókù mọ́ ẹrù iṣẹ́ tí a lè fi sílẹ̀. Ọdún 2000 ni òfin tó jáde níbẹ̀ pé kí ènìyàn lè gba ajá ológun tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ sílé láti tọ́jú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Dave Wardell àti ajá rẹ̀ Finn ń lé afurasí kan ní ìlú Stevenage. Ọkùnrin náà yọ ọ̀bẹ, ó gún ajá náà ní àyà àti ní orí, ó sì gún ọlọ́pàá náà ní ọwọ́. Finn kò fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́, òfin kò mọ ajá náà sí nǹkan mìíràn ju dúkìá lọ. Ẹ̀sùn bíba nǹkan oní-nǹkan jẹ́ ni wọ́n fi kan ẹni tí ó gún un, bí ẹni tí ó fọ́ fèrèsé. Àwọn ará ìlú kò gbà. Wọ́n rọ àwọn aṣòfin títí, ní ọdún 2019 sì ni òfin tuntun jáde pé ẹni tí ó bá ṣe ajá tàbí ẹṣin ọlọ́pàá léṣe lẹ́nu iṣẹ́ kò lè fi ṣe àwáwí mọ́ pé òun ń gba ara òun là.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Òfin wà. Abala 495 nínú Criminal Code Nàìjíríà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá, sọ pé ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí ẹran, tí ó lù ú nílùkulù, tí ó dá a lóró tàbí tí ó lò ó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kí ó san ₦50, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Náírà 50! Lónìí, bóyá ni owó náà yóò ra omi inú ọ̀rá kan. Iye tí ó yẹ kí Tanímọ̀la fi mu omi ni òfin fi díye lé ẹ̀mí rẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn aṣòfin wa, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn, pé òfin tí owó ìtanràn rẹ̀ rí báyìí ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní a kò tíì tọ́jú ènìyàn tán, kí á tó wá máa sọ ti ajá. Yóò ní àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú kò ní owó oṣù gidi, pé bí ìbọn bá bà wọ́n, ìdílé wọn ni yóò ta ilẹ̀ láti wò wọ́n sàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, n kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó fi ẹsẹ̀ kan rọ nítorí ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tí ó tún kí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn tí kò gbé omi fún ajá mi ní ọjọ́ náà, wọn kò gbé aṣọ ìdíọgbẹ́ fún ara wọn pẹ̀lú. Ìwà kan náà ni. Ìlú tí ó rán ọdẹ lọ sínú ọ̀dàn láì bi í pé kí ni ó mú dání ni ó ń rán ajá lọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ìlú kan tí ó fi owó ajá tọ́jú ọdẹ. Èyí tí ó gbàgbé ọ̀kan ni ó ń gbàgbé èkejì, owó tí wọ́n ní kò tó fún méjèèjì a sì máa tó fún aṣọ ẹgbẹ́jọdá.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé ṣebí ajá ni oúnjẹ Ògún, ṣebí ní Ṣakí níbí ni a ti ń fi ajá bọ ọ́. Èmi kò wá bá ẹlẹ́sìn kankan jà. Ẹni tí ó fi ajá rúbọ mọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì sọ fún ajá náà pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó fi ajá ṣe ọ̀rẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, tí ajá là á lọ́wọ́ ejò àti olè, tí ó wá lé e síta nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́.

Ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Kí a gbé omi ajá lọ́tọ̀ sí omi ènìyàn, kí a sì máa fún un mu kí ó tó béèrè. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó sáré tẹ̀ lé alùpùpù. Kí a gbé e. Kí a má ṣe mú un gun àpáta láàrin aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àfi bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu. Bí ó bá sì di dandan, kí a máa dá a dúró sábẹ́ igi lóòrèkóòrè, kí a sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ènìyàn kan ṣoṣo, tí a mọ orúkọ rẹ̀, jẹ́ ẹni tí yóò dáhùn bí a bá bèèrè ajá náà, nítorí ajá gbogbo ayé kì í ní olówó. Kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un ní ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran. Ẹni tí yóò jàǹfààní èyí jù ni ọdẹ tí ń sùn tì í. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ náà gba ọmọkùnrin kan là ní ọdún 1885, kò sí ìdí tí ènìyàn tàbí ajá fi yẹ kí ó kú ikú oró yẹn mọ́. Kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ajá yóò máa gbé nígbà tí ó bá darúgbó.

Àwọn àgbà náà ni ó sọ pé bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà “ní ẹni lẹ́yìn.” Lẹ́yìn ajá ni ẹni náà wà, kò tíì lọ sílé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àwọn ọdẹ àdúgbò wa tún wá. Ọmọbìnrin kékeré kan ni ó ṣìnà níbi tí ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ ṣa èso igi emi. Mo ti ní ajá mìíràn, abo, dúdú, ọdún mẹ́ta. Olórí wọn kan náà ni ó ṣáájú. Mo ní n óò yá wọn, ṣùgbọ́n omi ajá dà, ta ni yóò sì mú un lọ́wọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Tíṣà, àfi bí ẹni ń kó ìyàwó.” N kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó yí alùpùpù rẹ̀ padà, ó lọ. Mo rò pé ó ti bínú. Kò pẹ́ tí ó fi padà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan tí ó so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, abọ́ kan sì wà ní abẹ́ apá rẹ̀. Ó ní òun ni yóò mú un lọ́wọ́, òun fúnra òun. Mo tú ajá náà, mo wọ bàtà mi, mo gùn ún lẹ́yìn, ajá wà láàrin wa.